Ohùn Àgbà Lórí Òṣùwọ̀n

Nígbà tí fèrè kẹta dún, orí Màmá Àwẹ̀ró ṣì ku ìlà mẹ́ta.

Mojírádé ń yára dì í. Ó ti fi òwú dúdú kó apá ọ̀tún orí ìyá rẹ̀, ó ti kó apá òsì, gbogbo rẹ̀ ti pàdé láàárín, ó ga fíofío bí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Inú ṣùkú náà ni ó fi kànrìnkàn gbígbẹ kan pamọ́ sí, ó ṣù ú rìbìtì, kí irun náà má baà wó nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ bá kàn án.

"O ń fà mí lórí, Mojí."

"Ẹ má bínú, Màámi. Ó ku díẹ̀."

"Irú ayé wo rèé? Ìyá tó bí mi fi kànrìnkàn wẹ̀ mí. Ọmọ tí mo bí ń fi kànrìnkàn kọ́ ilé sí mi lórí."

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, Mojírádé ìbá rẹ́rìn-ín. Lónìí, ẹ̀rín ti sá kúrò lẹ́nu rẹ̀ bí eku tó gbóòórùn ológbò. Fèrè àkọ́kọ́ ní kí oníkálùkù ti ilẹ̀kùn. Ìkejì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá ìloro. Ìkẹta ni pé Arínúróde, ẹ̀rọ tó ń wọn ènìyàn, ti wọ àdúgbò, ó ń ti ilé dé ilé.

Ó yọjú lójú fèrèsé. Ilé Bàbá Jọláadé tó wà ní ìkángun ọgbà wọn ti wà ní títì láti àná. Ikọ́ ń ti inú rẹ̀ jáde, ikọ́ gbígbẹ, bí ẹni tó ń fi àdá gé igi tí kò fẹ́ wó. Àbíkẹ́yìn ti dé ibẹ̀. Àbíkẹ́yìn ni àwọn ará Òkè-Àlàáfíà ń pe Kòrónà tuntun yìí, nítorí wọ́n gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ní àbúrò. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí wọn yóò sọ ọ̀kan lórúkọ bẹ́ẹ̀.

"Olúwa, ìwọ tí o ń ṣọ́ Ísírẹ́lì tí o kì í tòògbé," ó ń sọ ọ́ sínú, òwú wà láàárín eyín rẹ̀, "jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí wo ìyá mi kó má rí i."

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ó fi ń fún ìyá rẹ̀ ní ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti omi. Ikùn kò dín kù. Apá kò dín kù. Ìyá náà tilẹ̀ ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. "Ará ilé ni ọ̀rá tèmi, kì í ṣe àlejò," ni ó máa ń wí. "O lé e títí, kò mọ ọ̀nà ibi tí ì bá padà sí."

Bẹ́ẹ̀, láyé ọjọ́un, ẹwà ni ara náà. Olóyèdé, bàbá Mojírádé, a máa dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ìyàwó rẹ̀ bá ń bọ̀ láti odò, a sì máa kì í pé:

"Àwẹ̀ró, ọmọ a-jókòó-kún-àga,
A-rìn-gẹ̀rẹ̀-kílẹ̀-ó-mọ̀-péèyàn-ń-kọjá,
Apá rẹ tó tìmùtìmù fọ́mọ tó ń sunkún,
Ẹ̀yìn rẹ tó ibùsùn fún ìbejì.
Bí ebi bá wọ̀lú, tó kọ́kọ́ bá ọ pàdé,
Ojú ni yóò ti ebi, yóò yíjú padà."

Ohun tó jẹ́ oríkì nígbà náà ti di ẹ̀sùn nísinsìnyí. Ẹni tí iná pupa bá tàn fún lórí òṣùwọ̀n, wọ́n á gbé e sọdá afárá lọ sí Ilé Ìpamọ́, ogójì ọjọ́. Ìpamọ́ ni ìjọba pè é. Ilé Ìdọ̀bálẹ̀ ni àwọn ènìyàn pè é, nítorí pé ìdojúbolẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ gbogbo aláìsàn ibẹ̀ sí, ọkùnrin, obìnrin, ọba, ẹrú, bí ẹni tó ń kí ọba tí kò ní í sọ pé kí wọ́n dìde. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé Olóyèdé lọ lọ́dún méjìlá sẹ́yìn. Àpótí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ni wọ́n fi dá a padà.

Ìdí nìyí tí Mojírádé fi búra pé ìyá òun kò ní í débẹ̀. Ó sì ti wádìí: ẹ̀rọ náà a máa wo ọ̀rá tó wà nínú ara, a sì fi bí ènìyàn ṣe ga tó pín in; ẹni tó bá ga, ọ̀rá rẹ̀ á kéré lójú ẹ̀rọ. Òfin ní kí a ṣí gèlè, kí a bọ́ bàtà. Òfin kò sọ nǹkan kan nípa irun.

Ó so òwú ìkẹyìn. Ilẹ̀kùn dún.

* * *

Ẹni tó wọlé jẹ́ ọkùnrin ẹni ogójì ọdún, aṣọ funfun ló wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ìbòmú rẹ̀ mọ́ gaara débi pé wọ́n ń rí irùngbọ̀n rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó gbé wáláà ìjọba dání.

"Fìjàbí lorúkọ mi. Ẹ kú ìpayà o, Mà. Ẹ kú ìpayà, Àǹtí. Ẹni mélòó ló wà nílé?"

"Àwa méjèèjì," ni Mojírádé wí.

Ẹ̀rọ náà tẹ̀ lé ọkùnrin náà wọlé. Kò ní táyà, kò ní ẹsẹ̀. Ó fò fẹ́ẹ́rẹ́ lókè ilẹ̀ bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pèpéle dígí, ọrùn rẹ̀ gùn, ojú kan ṣoṣo ló wà lórí ọrùn náà. Arínúróde ni orúkọ tí àwọn ènìyàn sọ ọ́, orúkọ náà kò sì bá Mojírádé lára mu rí. Arínúróde kan ṣoṣo ló mọ̀, Ọlọ́run ni, kì í ṣe ohun tó ń fi iná ṣiṣẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi," ni ẹ̀rọ náà wí.

Ohùn bàbá arúgbó ni, ohùn tútù, ohùn ẹni tó ti jẹ orógbó láti ìgbà èwe. Àwọn tó ṣe é ló fún un ní ohùn àgbà, kí ẹ̀rù má baà máa ba àwọn ènìyàn.

"Ta ni ọmọ ẹ?" ni Màmá Àwẹ̀ró dáhùn. "Ìwọ tí wọ́n ṣe lésìí!"

Fìjàbí rẹ́rìn-ín nínú ìbòmú. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bọ́ sókè. Ẹ ṣí gèlè."

Wọ́n ti ṣí i tẹ́lẹ̀. Ìyá náà gun pèpéle, dígí náà ké díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ búlúù kan bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò, ó ń gùn, ó kọjá orúnkún, ó yí ikùn ká, ó pẹ́ níbẹ̀ bí àlejò tí wọ́n gbé àga fún. Ó kọjá àyà. Ó dé iwájú orí. Ó gun ṣùkú. Ó dúró ní góńgó ṣùkú, ó ń mì tìrìtìrì.

Mojírádé kò mí.

Iná tàn: àwọ̀ ewé. Kò gbó dáadáa, bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú ni, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ni.

"Màmá, ẹ mà ga o," ni Fìjàbí wí.

"Bí ìdílé wa ṣe rí nìyẹn," ni ìyá náà dáhùn, ó sì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọrùn rẹ̀ le gan-an, bí ẹni tó ru omi.

Ọpẹ́ ni ó kún Mojírádé nínú nígbà tí òun náà gun pèpéle. Kò bẹ̀rù nítorí ara rẹ̀. Tínrín ni, bí igi ìṣáná. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni ikọ́ ya bo ilé Bàbá Jọláadé, ikọ́ kò dáwọ́ dúró, ẹnìkan sì figbe ta níbẹ̀. Fìjàbí yára yíjú sí fèrèsé.

Ẹ̀rọ náà tẹ ọrùn rẹ̀ ba. "Káàárọ̀, ọmọ mi," ni ohùn àgbà náà wí, ó dùn, ó rọlẹ̀. "Ṣé dáadáa lo jí?"

Ọmọ tí ìyá àgbà tọ́ ni Mojírádé. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń fi pàṣán gbá a ní kókósẹ̀ bí ó bá dúró ṣánṣán kí àgbàlagbà. Orúnkún rẹ̀ kò bi í léèrè. Ọkàn rẹ̀ kò tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí orúnkún méjèèjì fi kanlẹ̀ lórí dígí.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni ó wí.

Ìmọ́lẹ̀ náà sì ti gùn ún tán. Kí ó tó rántí dìde, iná ti tàn. Pupa. Pupa bí ojú ẹni tó ti sunkún sùn.

Fìjàbí yíjú padà. Ó bá a ní ìdúró. Ó wo iná, ó wo obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, ó mi orí.

"Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, Àǹtí. Mo ti rí ẹni tínrín tí ọ̀rá fara pamọ́ sí nínú, tó wé mọ́ ẹ̀dọ̀, tó wé mọ́ ìfun. Ìyẹn burú ju èyí tí gbogbo ayé ń rí lọ." Ó ṣí àpótí yìnyín tó gbé kọ́ èjìká, ó mú ìgò kékeré kan jáde, ó gbé e sórí tábìlì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dì gbagidi. "Abẹ́rẹ́ ìrántí rèé. Ilé kan, ìgò kan. Bí yìnyín náà bá ku díẹ̀ kó yọ́ tán, màá gún un fún yín kí ọkọ̀ tó gbé yín lọ. Tó bá yọ́ tán kí n tó gún un, ó bàjẹ́ nìyẹn, mi ò sì ní òmíràn fún ilé yìí títí ọjọ́ ogójì."

"Kí ló ń rántí?" ni Màmá Àwẹ̀ró bi í. Ó ń wo ọmọ rẹ̀. Ó ti rí orúnkún náà.

"Ara ló ń rán létí, Mà. Ṣé ẹ rí i, ọ̀rá kì í kàn jókòó lásán. Kòrónà máa ń rí ilẹ̀kùn lára rẹ̀, á wọlé, á fara pamọ́ síbẹ̀, á pẹ́. Àwọn ọmọ ogun ara sì rèé, ojoojúmọ́ ni ọ̀rá tó pọ̀ ń fọn fèrè ogun fún wọn, nígbà tí kò sí ogun. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Bí ogun gidi bá wá dé, àwọn kan á pẹ́ kí wọ́n tó jí, àwọn tó bá sì jí á ya wèrè, wọ́n á máa gún onílé pẹ̀lú olè. Abẹ́rẹ́ tí a sì gún lésìí fún àwọn tí ọ̀rá wọn pọ̀, ara wọn á ti gbàgbé rẹ̀ kí ti àwọn yòókù tó gbàgbé."

"Ẹni tí iná àwọ̀ ewé tàn fún ńkọ́?" ni Mojírádé bi í.

"Ara á jà fún un. Kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀."

Mojírádé wo fèrèsé. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé yìí àti ikọ́ yẹn. Abẹ́rẹ́ tí Ọlọ́run fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ti fẹ́ wọ apá tirẹ̀, ẹni tí kò ní ọ̀rá tó lè fi dín ẹyin. Bí ó bá sì la ẹnu, wọ́n á tún ìyá náà wọn, wọ́n á gbé e sọdá afárá.

Màmá Àwẹ̀ró sún mọ́ ọn, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ nu òógùn ojú rẹ̀. "Jẹ́ẹ́," ni ó wí ní etí rẹ̀. "Pa ẹnu mọ́. Gbà á. Ìwọ ni ọjọ́ pọ̀ níwájú fún."

"Màámi..."

"Mo ní pa ẹnu mọ́."

Nínú ìgò, omi ti yí yìnyín ká. Yìnyín náà kò tóbi ju èkùrọ́ kan lọ mọ́.

Fìjàbí ń tẹ wáláà rẹ̀. "Mo rí orúkọ kan nílé yìí tẹ́lẹ̀. Olóyèdé. Ẹ kú àráfẹ́rakù o." Ó fa ojú ro. "Háà. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé bàbá dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ kẹsàn-án ikọ́."

"Ọjọ́ kejì," ni Mojírádé wí. "Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé e lọ."

"Ọjọ́ kẹsàn-án ló wà níbí, Àǹtí. Ètè ti dúdú. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kejì ni..."

Mojírádé yíjú sí ìyá rẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló wà nígbà náà. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló mọ̀. Màmá Àwẹ̀ró, tí kì í sá fún ojú ẹnikẹ́ni, gbé ojú tirẹ̀ sílẹ̀.

"Inú àká ni mo fi í sí," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé. "Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n gbé òun. Mo fi àpò àgbàdo bo ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ méje ni mo fi ń gbé omi gbígbóná lọ bá a. Mo rò pé mò ń ṣìkẹ́ ọkọ mi ni."

Ikọ́ ilé kejì ń gé igi rẹ̀ lọ.

Ọdún méjìlá ni Mojírádé fi kórìíra ilé kan lódìkejì odò. Ó wo ṣùkú orí ìyá rẹ̀. Ó dára, ó gún régé, kò sí ìlà kan tó wọ́. Àká mìíràn ni òun kọ́ yẹn. Òwú ni òun fi kọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀rù bà á. Bí ó bá sọ̀rọ̀, bóyá àpótí mìíràn ni yóò padà wá. Bí kò bá sọ̀rọ̀, kò sí bóyá kankan. Yìnyín ti di ẹ̀wà kan.

"Mo kúnlẹ̀," ni ó wí.

"Kí lẹ wí?"

"Ọ̀gá, mo kúnlẹ̀ lórí ẹ̀rọ yín. Ẹ ti yíjú sí fèrèsé."

Fìjàbí la ẹnu. "Ẹ kúnlẹ̀ fún òṣùwọ̀n?"

"Ó kí mi. Ohùn àgbà ni."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ìbòmú, èjìká rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, ó sì tètè kó ara rẹ̀ jọ. "A ti ń kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n yí ohùn yẹn padà. Ẹ wò ó, òfin ni pé bí ìwọ̀n ẹnìkan bá yẹ̀ nínú ilé, gbogbo ilé ni yóò tún un gùn. Kò sì sí àyè." Ó wo ìgò. Ó wo ìyá náà, ó wo orí rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀. "Ǹjẹ́ nǹkan mìíràn wà tó yẹ kí n mọ̀?"

Mojírádé wo ṣùkú náà. Ó lè fẹ̀sùn kan orúnkún ara rẹ̀. Kò lè fẹ̀sùn kan orí ìyá rẹ̀.

Màmá Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀. Ó fa àpótí ìjókòó kékeré náà, èyí tí ó jókòó lé láti àárọ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó tẹ orí sí ọmọ rẹ̀.

"Wá tú u," ni ó wí. "Ìwọ lo dì í."

Wọn kò tú irun rí báyìí. Kò sí òòyà, kò sí àyè. Mojírádé ń fi eyín já òwú, ó ń fi èékánná fà á, omijé ń kán sí àtàrí ìyá rẹ̀, ìyá náà kò sì sọ pé ó ń dun òun. Ìlà kan. Ìlà méjì. Kànrìnkàn já bọ́, ó yí gbirigbiri lọ sí ìdí bàtà Fìjàbí. Fìjàbí wò ó.

Màmá Àwẹ̀ró gun pèpéle, irun rẹ̀ tú ká bí ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ìmọ́lẹ̀ gùn ún, ó dé iwájú orí, kò rí àtẹ̀gùn mìíràn. Pupa.

Ìgbà tí abẹ́rẹ́ wọ apá rẹ̀, èérún yìnyín kan ṣoṣo ló kù nínú ìgò, ó kéré ju ẹyọ ìrẹsì lọ.

* * *

Ọkọ̀ náà gùn, kò ní táyà, ibùsùn kan ló wà nínú rẹ̀. Fìjàbí ṣàlàyé pé ìdojúbolẹ̀ ni kí ìyá náà sùn, láti ìsinsìnyí lọ, kí ó lè mọ́ ọn lára.

"Èmi, obìnrin? Ìkúnlẹ̀ ni mo mọ̀."

"Bí ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, Mà, ikùn yín á máa tẹ ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ bá dojú bolẹ̀, èémí á ráyè. Ìdí tí a fi ń ṣe é nìyẹn."

"Kì í ṣe Kòrónà ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún o," ni ìyá náà wí. "Ẹ kọ ọ́ sínú wáláà yẹn. Ọlọ́run ni."

Ó dojú bolẹ̀. Ara ńlá náà kún ibùsùn láti etí dé etí. Ọwọ́ rẹ̀ kan yọ síta, àwọn ìka rẹ̀ ń wá nǹkan. Mojírádé dì í mú.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Mojí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Màámi."

"Kì mí. Bí bàbá rẹ ṣe ń kì mí."

Ó gbìyànjú. Ohùn rẹ̀ já ní ìlà àkọ́kọ́. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. "Àwẹ̀ró, ọmọ a-jókòó-kún-àga... a-rìn-gẹ̀rẹ̀-kílẹ̀-ó-mọ̀..." Ọkọ̀ ti ń gbéra. Ó ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń kì í, títí wọ́n fi dé ìloro, ibi tí òfin ní kí ó dúró. "Ogójì ọjọ́ lo ń lọ, má sọ ọ́ di mọ́kànlélógójì. Àga rẹ ń retí rẹ. Ilẹ̀ yóò mọ̀ pé o ti dé!"

Ìyá náà ju ọwọ́ tó yọ síta náà sí i lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ yà sí ọ̀nà afárá. Ní ilé Bàbá Jọláadé, ikọ́ ti dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì bani lẹ́rù ju ikọ́ lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, ohùn tútù kan sọ̀rọ̀ nínú ilé.

"Ó ku ìwọ, ọmọ mi. Bọ́ sókè."

Mojírádé gun dígí náà. Ojú kan ṣoṣo náà tẹ̀ ba, ohùn arúgbó náà sì bi í bóyá dáadáa ló jí.

Orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ó dì í mú. Ó dúró ṣánṣán bí ọmọ tí wọn kò kọ́, ojú rẹ̀ wà lórí afárá, kò kí ẹnikẹ́ni, ìmọ́lẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún láti àtàǹpàkò.